Ọdẹ́wùmí àti Àbùjá Ìlú Mẹ́ta

Ọdẹ́wùmí, ọmọbìnrin Olúọdẹ ìlú Ìdí-Apá, jókòó sábẹ́ igi ọ̀dán, ó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká lé itan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀nà han àwọn ìka ọwọ́ rẹ̀. Ẹ má rò pé mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ẹsẹ̀ nìkan kọ́ ló ń mọ ọ̀nà. Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin tí ẹ wà lórí àpótí àti ẹ̀yin tí ẹ wà lórí òkúta. Kí ẹni tó ní ikọ́ wú u tán nísinsìnyí. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, mo ti fi ọwọ́ òsì fa ẹfọ̀n nírù rí, ẹfọ̀n náà ló bẹ̀ mí pé kí n jọ̀wọ́ òun. Ṣùgbọ́n ìtàn òní kì í ṣe tèmi. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ tèmi, ọbẹ̀ yín á kan lórí iná.

Nínú kọ̀ǹpútà tí mo wí yìí, ètò ìkọ̀wé kan wà tí Ọdẹ́wùmí fi ń kọ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ọdẹ sílẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ inú ètò náà ló ní ọ̀nà gígùn: kí ènìyàn di máòsì mú, kí ó wá àkọlé kan lókè, kí ó ṣí i, kí ó tún yan òmíràn lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ní àbùjá: kí a tẹ bọ́tìnnì méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ ti parí. Kò sẹ́ni tó kọ́ Ọdẹ́wùmí. Ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń wò ó. Èyí tó bá bàjẹ́, ó ń dá a padà. Níbi tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ló ti rí i pé a lè bá ètò náà ṣe àdéhùn: bí mo bá tẹ èyí, ìwọ ṣe tọ̀hún. Inú rẹ̀ dùn bí inú ọdẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ibi tí ẹran ń gbà lọ mu omi. Ó ṣe àbùjá fún àmì orí ọ̀rọ̀, ó ṣe fún ẹ àti ọ àti ṣ, ó ṣe fún gbígbé odidi ìlà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè.

Kì í ṣe eré ló ń ṣe. Ohùn baba rẹ̀ ló fẹ́ lọ gbà.

Ọdẹ́lànà ni baba rẹ̀, òun sì ni Olúọdẹ wa. Bí Ọdẹ́lànà bá ké nínú igbó, gbogbo ọdẹ ni yóò mọ ibi tí ẹnìkejì òun wà, ìbọn ẹnìkan kò sì ní í ba ẹlòmíràn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ké nínú Igbó Ẹnu-Kò-Sinmi. Ìwin tó ni igbó náà, Asọ̀rọ̀-má-mí, gbọ́ ohùn yìí, ó wù ú, ó na ọwọ́ wọ ọ̀fun baba náà, ó sì mú ohùn jáde bí ẹni mú ẹyin nínú ìtẹ́. Láti ọjọ́ náà ni a kò ti lè ṣọdẹ mọ́. Àgbọ̀nrín ń jẹ ẹ̀wà wa lójú wa. Ìwin náà ní ẹni tó bá lè máa kọ ọ̀rọ̀ òun sílẹ̀ bí òun ṣe ń sọ ọ́ nìkan ni òun máa dá ohùn fún; akọ̀wé méjì ti lọ gbìyànjú, àwọn náà sì pàdánù tiwọn síbẹ̀. Wọ́n ń fi ọwọ́ júwe ọbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ jẹ fún àwọn aya wọn.

Làmídì alágbẹ̀dẹ, mo rí ọ tí o ń rẹ́rìn-ín. O fẹ́ bi mí bóyá mo wà níbẹ̀. Ọdẹ kò lè wà níbi gbogbo, etí rẹ̀ ló ń wà níbi gbogbo. Jẹ́ kí n máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Nígbà tí Ọdẹ́wùmí dìde láti lọ, baba rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń mi orí. Ọdẹ́wùmí kúnlẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n lọ. Ẹ ti ké tó fún gbogbo wa.” Baba náà wo ojú rẹ̀ títí, ó sì jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀. Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, bó bá ro ìyà, bó bá pẹran kò ní í fún ẹnì kan jẹ. Ọmọ náà kò ro méjèèjì. Ó lọ.

Ó bá Asọ̀rọ̀-má-mí lábẹ́ igi ńlá kan. Ìwin yìí ní ẹnu níwájú, ó ní òmíràn ní ìpàkọ́. Bí ọ̀kan bá ń mí, èkejì á máa sọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í fi í dá. Adó kéékèèké so mọ́ igi tó wà lórí rẹ̀ bí èso, adó kọ̀ọ̀kan sì ń kùn.

Ìwin ní, “Ta ló rán ọ wá sígbó mi?”

“Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, Bàbá. Ohùn baba mi ni mo wá gbà.”

“Ohùn wo nínú wọn? Mo ní púpọ̀.”

Ọdẹ́wùmí tẹ́tí. Ọ̀kan nínú àwọn adó náà ń bá àwọn yòókù wí pé kí wọ́n yé pariwo, kí wọ́n tò dáadáa, pé ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé baba wọn nìyẹn. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó nàka sí i. Ó ní, “Èyí tó ń pàṣẹ yẹn ni.”

Inú ìwin dùn. Ó ní, “Èmi náà fẹ́ràn ìyẹn. Gbọ́ òfin mi. Ìlú mẹ́ta ló wà nínú igbó yìí, ìlú kọ̀ọ̀kan ló sì ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀. N óò máa sọ̀rọ̀, ìwọ á máa kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà ìlú tí a bá wà. O kò gbọdọ̀ sọ pé kí n dúró. Ọwọ́ rẹ kò gbọdọ̀ kúrò lórí bọ́tìnnì, n kò fẹ́ rí máòsì. Òwúrọ̀ jẹ́ tìrẹ láti fi múra, ọ̀sán jẹ́ tèmi. Bí o bá kọ ọ́ pé, mú ohùn baba rẹ. Bí o bá kùnà, adó òfìfo kan ń bẹ níbẹ̀ yẹn. Ó gba ọ̀fun ọmọbìnrin dáadáa.”

Ìlú Onífèrèsé ni wọ́n kọ́kọ́ dé. Ní ìlú yẹn, ilé kò ní ògiri, fèrèsé lásán ni láti òkè délẹ̀. Ojú fèrèsé ni wọ́n ń gbà wọlé, wọ́n á tún ṣí fèrèsé mìíràn nínú fèrèsé, ìyálé ilé tó bá ń wá síbí ọbẹ̀ á ti ṣí tó ogún kó tó rí i. Kọ̀ǹpútà wọn bá ti Ọdẹ́wùmí mu bí ìbejì. Bọ́tìnnì tí wọ́n ń pè ní Kọ́ntíróòlù wà ní igun apá òsì, ìka kékeré ọwọ́ rẹ̀ sì mọ ibẹ̀ lójú oorun. Ó fi òwúrọ̀ kó gbogbo àdéhùn rẹ̀ sínú rẹ̀, ó sì jókòó de ìwin.

Asọ̀rọ̀-má-mí bẹ̀rẹ̀ ìtàn ìgbéyàwó erin. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìyà tó wà nínú kí ènìyàn máa kọ ọ̀rọ̀ ẹni tí kò mọ ohun tó fẹ́ kò kéré. “Gbé ìlà yẹn sókè. Pa á rẹ́. Ta ní kí o pa á rẹ́? Dá a padà. Kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.” Ìka Ọdẹ́wùmí ń sáré lábẹ́lẹ̀ bí ẹ̀lírí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ti gùn lọ tán, ìwin ní, “Mo pe àna erin ní ẹkùn níbi gbogbo. Ológbò ni mo fẹ́.” Ọdẹ́wùmí tẹ Kọ́ntíróòlù pẹ̀lú H, ibi ìpààrọ̀ ṣí, gbogbo ẹkùn inú ìtàn sì di ológbò lójú kan náà. Ẹnu ìpàkọ́ ìwin húkọ́. Ó ní, “Ó dáa. A ń lọ.”

Ìlú kejì ni Ọgbà-Ẹlẹ́so. Ọgbà kan ṣoṣo ló yí gbogbo ìlú ká, ilé wọn dọ́gba, ọ̀dà kan náà ni wọ́n fi kùn ún, ìyàngbò kan kò sí lójú ọ̀nà. Bí àlejò bá fẹ́ gbé àga, ẹnìkan á yọ sí i pẹ̀lú ẹ̀rín: “Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, a ti gbé e síbi tó dára jù fún yín.” Ìyá arúgbó kan tó ń tún òdòdó ṣe ló mú Ọdẹ́wùmí lọ sídìí kọ̀ǹpútà wọn.

Ó ní, “Ọmọ mi, jẹ́ kí ìka kékeré rẹ sinmi. Àtàǹpàkò là ń fi pàṣẹ níhìn-ín.” Ó fi bọ́tìnnì Kọ́máàńdì hàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnnì gígùn tó ń la ọ̀rọ̀ láàárín. Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ ẹ́ pọ̀ mọ́ bọ́tìnnì Tábù, ó fò láti orí iṣẹ́ òdòdó rẹ̀ bọ́ sórí iṣẹ́ ẹ̀fọ́, ó sì tún fò padà. Ọdẹ́wùmí rí i, ó fi í sí ọkàn.

Ó wá ronú pé ọ̀rọ̀ ti tán: ibi tí ìka kékeré ti ń ṣiṣẹ́, kí àtàǹpàkò gba iṣẹ́ náà. Ó dán S wò, iṣẹ́ wọ inú ìpamọ́. Ó dán Z wò, ohun tó ṣe padà sẹ́yìn. Ó dán X wò, ó gé e. Bó ṣe rí nílé ló rí níbẹ̀. Oòrùn sì ń gòkè, ó ní kò sí ìdí láti dán ìyókù wò. Ṣé ẹ rí i? Ọmọ ọdẹ ni. Ó mọ̀ pé bí a bá wọ igbó onígbó, a kì í wo bí ọ̀nà ṣe jọ ti ilé wa, a máa ń wò ó bóyá àálè, àmì pé ó ní ẹni tó ni ín, wà lẹ́nu rẹ̀. Ojú àjèjì funfun, kò fi ríran.

Ìwin bẹ̀rẹ̀. Ìtàn Ìjàpá tó lọ ra ojú ọ̀run ló sọ lọ́jọ́ yẹn. Àtàǹpàkò Ọdẹ́wùmí ń tẹ̀lé e wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tó yá, ìwin ní, “Níbi tí mo ti pè é ní Ìjàpá, pè é ní Ọ̀bọ.” Ọdẹ́wùmí tẹ Kọ́máàńdì pẹ̀lú H.

Ojú ìwé pòórá. Kò ku lẹ́tà kan. Òdòdó lásán ló ń wò ó lójú kọ̀ǹpútà.

Asọ̀rọ̀-má-mí fi ẹnu ìpàkọ́ rẹ́rìn-ín, ó sì ń fi ẹnu iwájú bá ìtàn lọ. Adó òfìfo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í la ẹnu. Ọdẹ́wùmí mọ̀ ọ́n lára pé ohun kan ti ń já ní ọ̀fun òun bí òwú. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ẹran tó wọ igbó kò tíì kú. Ó rántí ìyá olódòdó, ó tẹ Kọ́máàńdì pẹ̀lú Tábù, ojú ìwé náà sì yọ padà, ó pé pérépéré, kò sí ohun tó ṣe é. Wọ́n kàn gbé e pamọ́ ni.

Ṣùgbọ́n ìwin kò dúró dè é. Ó ti sọ̀rọ̀ lọ jìnnà. Ohun tó yọ Ọdẹ́wùmí ni pé láti kékeré ló ti ń gbe ìjálá lẹ́yìn baba rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá ti gba etí rẹ̀ kọjá, ẹnu rẹ̀ á máa tún un sọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìtàn tí ìwin ti sọ kọjá wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ń kọ èyí tó ti kọjá, ó ń gbọ́ èyí tó ń bọ̀, etí ń lọ níwájú, ìka ń bọ̀ lẹ́yìn. Gbogbo Ìjàpá ló fi ọwọ́ yí padà sí Ọ̀bọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ìwin fi máa sọ pé “ó parí,” òun náà ń tẹ àmì ìdánudúró.

Ìwin ka ojú ìwé náà títí, kò rí àlèébù kan. Inú bí i. Ó ní, “O ní ẹ̀mí lára. Kò burú. Lọ́sàn-án ọ̀la, a óò pàdé ní Orí-Òkè Ààlà, níbi tí ilẹ̀ ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kanra. Kọ̀ǹpútà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni n óò gbé yí ọ ká. Bí mo bá pàtẹ́wọ́, yí sí èyí tí mo bá nàka sí. Ká wá wo bí ìka rẹ á ṣe máa rántí ibi tó wà.”

Ọdẹ́wùmí jókòó, ó ro ọ̀rọ̀ náà dé gbòǹgbò. Kí ló dé tí H fi gbọ́ràn sí òun lẹ́nu ní ìlú kan, tó sì gbé ìwé òun pamọ́ ní èkejì? Ó wá yé e. Bọ́tìnnì tí ènìyàn bá tẹ̀ kì í bọ́ sí etí ètò ìkọ̀wé tààrà. Ìlú ló ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ, bí àlejò ṣe ń kọ́kọ́ yà kí Baálẹ̀. Bí ìlú bá ti ní iṣẹ́ tó fẹ́ fi bọ́tìnnì náà ṣe, ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Èyí tí ìlú kò bá fẹ́ nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ ètò. Ó rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀. Ó ní, “Àálè lásán ni. Mo gba ojú àálè kọjá, mo sì ń retí kí wọ́n kí mi káàbọ̀.”

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó padà sí ìlú méjì àkọ́kọ́, ó ṣí ojú ìwé òfìfo kan nínú kọ̀ǹpútà Onífèrèsé, òmíràn nínú ti Ẹlẹ́so, ó sì ń tẹ gbogbo àbùjá lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ ẹni tó máa dáhùn, ìlú ni tàbí ìwé. Èyí tí ìlú bá dáhùn, ó fò ó. Ó fi H sílẹ̀ fún onílé, ó gbé iṣẹ́ ìpààrọ̀ fún R, nítorí kò sí Baálẹ̀ tó ń fi R ṣe nǹkan kan. Nínú kọ̀ǹpútà Onífèrèsé, ó gba àṣẹ kúrò lábẹ́ ìka kékeré, ó gbé e sábẹ́ àtàǹpàkò, kí ó lè dọ́gba pẹ̀lú ti Ẹlẹ́so. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìlú kẹta ló kù, ìyẹn ni Onílé-Ń-Kọ́lé. Kò sí ilé kan tó parí níbẹ̀. Olúkúlùkù ló ń kọ́ tirẹ̀, ilẹ̀kùn ẹlòmíràn wà lórí òrùlé, àwọn ọkùnrin sì dúró sójú ọ̀nà tí wọ́n ń jiyàn nípa ìṣó.

Ọdẹ́wùmí kí wọn, ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, ṣé mo lè rí àga jókòó?”

Ọ̀kan ní, “Igi ń bẹ lẹ́yìnkùlé. Ayùn rèé.”

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ Ọdẹ́wùmí nínú ju oúnjẹ lọ. Ní ìlú yẹn, kò sí bọ́tìnnì tí a kò lè gbà kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, bí a bá ti mọ ẹni náà. Ó gé igi, ó kan àga, ó jókòó, ó fi àṣẹ sábẹ́ àtàǹpàkò, ó fún R ní iṣẹ́ rẹ̀. Ó wá dán àbùjá tó fi ń gbé ìlà sókè wò, ìyẹn bọ́tìnnì méjì pẹ̀lú ọfà òkè. Lójú ẹsẹ̀, òun àti àga rẹ̀ fò sókè, wọ́n bọ́ sí àgbàlá mìíràn. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún bọ́ sí òmíràn. Ọkùnrin kan tó ga bí ọ̀pẹ sì dúró tì í, ó fajú ro.

Ó ní, “Èmi ni Alágbàlá. Ta ní ń sáré lójú ọ̀nà mi?”

“Ẹ má bínú, Bàbá. Ìlà kan ni mo fẹ́ gbé sókè.”

“Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀nà yìí á kọ́kọ́ já àlọ́ mi. Ta ló ní àgbàlá mẹ́rin, tí kò rí ibi na ẹsẹ̀?”

Ọdẹ́wùmí wò yíká. Àgbàlá mẹ́rin ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Koríko ti bo mẹ́ta, ẹní kan ṣoṣo ló sì wà nínú ọ̀kan tó kù, ó kúrú. Ó ní, “Ẹ̀yin ni, Bàbá.”

Ọkùnrin náà wo ẹní rẹ̀. Ó ní, “Wọn kì í sábà já a.”

“Kí lẹ ń fi àwọn mẹ́ta yòókù ṣe?”

“N kò tíì fi ṣe nǹkan.”

“Kí ló wá dé tí ẹ fi ya ọ̀nà lọ síbẹ̀, tí ẹ sì ń ṣọ́ ọ?”

“Bí mo ṣe bá a nìyẹn.”

Ẹ má fi ọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín o. Ìdajì ohun tí ẹ̀yin náà ń ṣọ́ nílé yín, bí ẹ ṣe bá a nìyẹn. Ọdẹ́wùmí kò bá a jà. Ó ya ọ̀nà mìíràn fún un láti àgbàlá dé àgbàlá, ó fi bọ́tìnnì tí ẹnikẹ́ni kò lò ṣe é, ó ní kí ó dán an wò. Alágbàlá fò lọ, ó fò bọ̀, ó tún fò lọ. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé pé ẹnìkan wà níbẹ̀. Ọdẹ́wùmí gba ọ̀nà àtijọ́ fún ìlà rẹ̀.

Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, wọ́n pàdé ní Orí-Òkè Ààlà. Ará ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde wá wòran. Ìwin gbé kọ̀ǹpútà mẹ́ta yí Ọdẹ́wùmí ká, ó so adó tí ohùn Ọdẹ́lànà wà nínú rẹ̀ mọ́ ọwọ́ ọ̀tún, ó di adó òfìfo mú lọ́wọ́ òsì, ó sì la ẹnu. Ìtàn bí ayé ṣe kọ́kọ́ gbọ́ ariwo ni. Kò tíì sọ gbólóhùn kan dé ìdajì tó fi pàtẹ́wọ́. Ọdẹ́wùmí yí sí Ẹlẹ́so. Ó tún pàtẹ́wọ́. Ó yí sí Onílé-Ń-Kọ́lé. “Gbé e sókè. Pa á rẹ́. Dá a padà.” Pàá. “Níbi tí mo ti pè é ní òjò, pè é ní ìrì.” Pàá. Àtàǹpàkò kan náà, R kan náà, ọfà kan náà. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Ọdẹ́wùmí di ojú rẹ̀. Kò sí ìdí tó fi yẹ kí ìka rẹ̀ mọ orúkọ ìlú tó wà. Gbogbo ìlú ti di ilé.

Ìwin rí i pé ojú rẹ̀ wà ní dídì, ó sì ń sáré sí i. Ó ń fi ẹnu iwájú sọ̀tàn, ó ń fi ẹnu ìpàkọ́ ṣe àtúnṣe, kò ku èyí tó máa fi mí. Ojú rẹ̀ wú. Níkẹyìn, ẹnu méjèèjì pa pọ̀ la, atẹ́gùn wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú ariwo bíi ti ewìrì rẹ, Làmídì, ó sì jókòó sílẹ̀ gbì. Ọdẹ́wùmí tẹ àmì ìdánudúró, ó tẹ àtàǹpàkò pẹ̀lú S nínú kọ̀ǹpútà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó la ojú.

Ó ní, “Bàbá, ṣé ó ku èyí tí ẹ fẹ́ yí padà?”

Asọ̀rọ̀-má-mí mi orí. Ó ka ìtàn náà láti kọ̀ǹpútà kan dé èkejì, kò sì sí ibi tí ó já. Ó tú adó kúrò lọ́wọ́ ọ̀tún, ó fà á fún un. Ọdẹ́wùmí kò tíì dìde.

“Àwọn akọ̀wé wa méjì ńkọ́?”

“Mú wọn. Kó gbogbo wọn. Èyí tí ń pàṣẹ yẹn ti kọ́ ìyókù ní ẹjọ́, n kò lè sùn mọ́.”

Ọdẹ́wùmí so adó baba rẹ̀ mọ́ ìdí, ó kó ìyókù sínú àpò, ó mú ọ̀nà ilé pọ̀n. Ohùn baba rẹ̀ kò dákẹ́ lójú ọ̀nà. “Gba apá ọ̀tún. Kì í ṣe ibẹ̀ yẹn. Ta ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sọdá odò?” Ọmọbìnrin náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń rìn, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣi ọ̀nà níbìkan kí ohùn náà lè bá a wí sí i.

Wọ́n dé Ìdí-Apá ní ìrọ̀lẹ́. Ọdẹ́wùmí ṣí adó sí ẹnu baba rẹ̀, baba náà gbé nǹkan mì, ó fi ọwọ́ pa ọ̀fun. Àwa ọdẹ dúró tì í. Ọdẹ́lànà kò pe ìbọn, kò pe aya, kò pe àwa ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ké pe ọmọ rẹ̀ ní orúkọ, ohùn náà sì lọ gba orí òkè, ó padà bọ̀. Àgbọ̀nrín tó wà nínú ẹ̀wà wa gbé orí sókè, wọ́n sá.

Ọdẹ́wùmí wà níwájú rẹ̀, kò jìnnà ju bí ìwọ yìí ṣe jìnnà sí mi lọ. Ó gbọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ó dákẹ́, kò dáhùn, kí baba rẹ̀ lè tún pè é.